Bí A Ṣe Ń Tún Ìjẹun Ẹni Ṣe Láìsọ Ara Ẹni Di Ẹlẹ́wọ̀n Oúnjẹ

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí, bí wọ́n bá ti jókòó tán, ni pé, "Kí ni kí n má jẹ mọ́?" Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu bí mo bá dáhùn pé ohun tí wọ́n jẹ lánàá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Iṣẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú oúnjẹ ènìyàn, a ní láti mọ bí ó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìgbà tí ó ń sùn, ẹni tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé rẹ̀ àti ohun tí agbára rẹ̀ ká láti rà, nítorí pé ìmọ̀ràn tí kò bá bá ìgbé ayé ẹni mu kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fúnra rẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí nínú ilé, bí kò bá ti kánjú. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ìwé kékeré àti ọjọ́ mẹ́ta

Ẹ mú ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ tàbí tí ẹ bá mu sínú rẹ̀, yàtọ̀ sí omi lásán. Kí méjì nínú ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé bí a ṣe ń jẹun lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ́ ni a ṣe ń jẹun bí a bá wà nílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tí ẹ jẹ ẹ́, bí ó ṣe pọ̀ tó ní ṣíbí tàbí ife, ibi tí ẹ wà, àti bóyá ebi ń pa yín lóòótọ́ tàbí ẹ kàn jẹ ẹ́ nítorí pé ó wà ní àrọ́wọ́tó. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró di alẹ́ kí ó tó rántí ohun tí ó jẹ láàárọ̀ yóò gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sì tíì yí ohunkóhun padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn kan máa ń hùwà dáadáa nítorí ìwé, wọn a wá gbé àkọsílẹ̀ tó mọ́ tónítóní wá, èyí tí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun ń jẹun lójúmọ́, síbẹ̀ ara òun ń wúwo sí i. Kò purọ́. Nígbà tí ó mú ìwé rẹ̀ dé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó jókòó jẹun lóòótọ́, àmọ́ ife tíì mẹ́rin wà láàárín, ṣíbí kékeré mẹ́ta ṣúgà sì wà nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń tọ́ ọbẹ̀ wò níbi tí ó ti ń sè é, ó ń jẹ àjẹkù àwọn ọmọ kí ó má baà ṣòfò, ó sì ní ẹ̀pà nínú ike lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. A jọ ṣe ìṣirò tíì nìkan: ṣíbí méjìlá lójúmọ́, bí ṣíbí kan bá sì gba nǹkan bíi gíráàmù 4, ó di gíráàmù 48. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí agbára tí a ń rí láti inú ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí a ń jẹ, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 50 fún ẹni tí ń jẹ kálórì (òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 2,000 lójúmọ́. Tíì nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tíì náà ń jẹ́ oúnjẹ ni?" A kò mú ohunkóhun kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ méjèèjì. Tíì ni a kọ́kọ́ dojú kọ.

Abọ́ tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin

Bí àkọsílẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ohun tí a ó yẹ̀ wò ni bí abọ́ ṣe rí. Ẹ fojú pín abọ́ yín sí ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba. Kí ìdá méjì jẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, kí ìdá kan jẹ́ oúnjẹ afáralókun bíi ìrẹsì, búrẹ́dì, àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún, kí ìdá tó kù sì jẹ́ oúnjẹ amáradàgbà bíi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹran tàbí wàrà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti yẹ̀ wò, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni mo máa ń bá: oúnjẹ afáralókun á gba abọ́ kan, ẹ̀fọ́ á sì wà létí rẹ̀ bí ẹni tí wọn kò pè síbi àpèjẹ. Kì í ṣe pé oúnjẹ afáralókun burú. Òun ni ara kọ́kọ́ ń fi ṣagbára, àmọ́ bí ó bá gba ààyè gbogbo, kò sí ibi tí àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn yóò gbà wọlé.

Irú oúnjẹ afáralókun tí a yàn tún ṣe pàtàkì. Ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀ kúrò ṣì ní ìhàrìhá rẹ̀ lára, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáíbà. Ìhàrìhá yìí kì í dà nínú ikùn bí àwọn èròjà tó kù, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ sì wà: ó ń jẹ́ kí ṣúgà wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn láti yà, ó sì jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń ṣe wá lóore nínú ìfun. Ó yẹ kí àgbàlagbà rí ó kéré tán gíráàmù 25 lójúmọ́, kí ó sì jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n lè lo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù 80, nítorí náà, ẹ̀kúnwọ́ márùn-ún láàárín àárọ̀ sí alẹ́ ti tó. Bí ìhàrìhá kò bá sí nínú oúnjẹ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, kí inú má baà wú, ẹ sì máa mu omi sí i.

Ní ti oúnjẹ amáradàgbà, gíráàmù 0.8 purotéènì, ìyẹn ojúlówó èròjà amáradàgbà inú oúnjẹ, fún kílò ìwúwo ara kọ̀ọ̀kan ni a sábà máa ń kà sí ohun tó tó àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí ó wúwo tó kílò 70 yóò nílò gíráàmù 56. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ẹja tàbí ẹran tó tó gíráàmù 100 lẹ́yìn tí a ti sè é sì ní nǹkan bíi gíráàmù 25. Ẹ óò rí i pé kò ṣòro láti dé ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń bá wí ni pé àwọn ènìyàn ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí oúnjẹ alẹ́, tí oúnjẹ àárọ̀ kò sì ní nǹkan kan ju búrẹ́dì àti tíì lọ. Ẹ pín in ká ọjọ́, pàápàá jù lọ àwọn àgbà tí ẹran ara wọn ti ń joro, nítorí pé àwọn ni wọ́n nílò rẹ̀ jù, àwọn náà ni oúnjẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wù.

Ohun kékeré kan tún wà tí owó kò sí nínú rẹ̀. Èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran, àmọ́ bí a bá fi ọsàn tàbí tòmátì tí a kò sè kún un, fítámì C inú wọn yóò ràn án lọ́wọ́ láti wọlé. Tíì àti kọfí ń ṣe òdìkejì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó yẹ kí ó jẹ́ kí nǹkan bíi wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu wọ́n.

Àwọn kan yóò bi mí pé, báwo ni a ó ṣe pín abọ́ sí mẹ́rin bí ó bá jẹ́ pé inú ìkòkò kan náà ni a ti se ohun gbogbo pọ̀? Ẹ má ṣe fi rúlà wọn abọ́. Ẹ wo ohun tó wọ inú ìkòkò, ẹ wo odindi ọjọ́ náà, bí ẹ̀fọ́ kò bá sì sí lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ó pọ̀ sí i lálẹ́.

Òróró, iyọ̀ àti ohun tí a kọ sára páálí

Gíráàmù kan èròjà afáralókun tàbí purotéènì ń fún ara ní kálórì 4, àmọ́ gíráàmù kan ọ̀rá ń fún un ní 9. Ìdí nìyí tí òróró fi máa ń dá ìṣirò rú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ dán èyí wò nínú ilé ìdáná yín: nígbà tí ẹ bá fẹ́ se oúnjẹ, ẹ da òróró láti inú ìgò bí ẹ ṣe ń dà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n inú ife gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, kí ó má tíì dé inú ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí ìjẹun bù ú láti inú ife náà, kí ẹ máa kà á. Ṣíbí kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Mo ti rí ẹni tí ó fọwọ́ sọ̀yà pé ṣíbí méjì ni òun ń lò, tí ó sì ka mẹ́jọ kí ife tó gbẹ. Láti ọjọ́ náà, ṣíbí ni ó fi ń bu òróró, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ tí ó mọ̀ pé nǹkan yí padà. Ẹ má sì torí èyí sá fún ọ̀rá pátápátá, nítorí pé fítámì A, D, E àti K kò lè wọ ara dáadáa láìsí i. Òróró tí ń ṣàn bí omi, bíi ti ewéko, sàn fún ọkàn ju ọ̀rá tí ó máa ń dì lọ.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, èyí sì jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan péré. Ohun tí ó ń tan ènìyàn ni pé iyọ̀ tí a fọwọ́ wa bù nìkan ni a máa ń kà, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú búrẹ́dì, nínú oúnjẹ inú agolo àti nínú àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn tí a ń rà. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi àlùbọ́sà, aáyù, ata, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ dí àlàfo rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n yóò ti mọ́ ọn lára, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ yóò sì máa kan iyọ̀ jù lẹ́nu yín.

Bí ẹ bá ń ra oúnjẹ inú páálí, ẹ yí i sẹ́yìn. Iwájú páálí ni ibi ìpolówó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí èròjà ṣe pọ̀ sí ni wọ́n ṣe ń tò ó: èyí tó pọ̀ jù ni ó ń ṣíwájú. Bí ṣúgà bá jẹ́ ìkíní tàbí ìkejì, ohun dídùn lásán ni ẹ mú dání, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Ẹ sì máa wo òpó tí ó sọ iye tó wà nínú gíráàmù 100, kì í ṣe èyí tó sọ iye tó wà nínú "ìwọ̀n kan", torí pé ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan bí ìwọ̀n náà yóò ṣe kéré tó. Gíráàmù 9 ṣúgà nínú ìwọ̀n kan lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ gíráàmù 30 péré, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá oúnjẹ náà ni ṣúgà. Bí ó bá jẹ́ pé sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n kọ dípò iyọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀ kí ẹ lè mọ iye iyọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, níbi tí àwọn àgbàlagbà 20 ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ti sè, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti pò mọ́ oríṣiríṣi èròjà, tí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn jẹ oúnjẹ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kálórì, ṣúgà, ọ̀rá, ìhàrìhá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn nígbà méjèèjì bá ara wọn mu, wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti jẹ ìwọ̀nba tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹ ju ti ìkejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì sanra sí i ní nǹkan bíi kílò kan. Wọ́n tún yára jẹ ẹ́. Èmi ka kókó ìkẹyìn yìí sí púpọ̀, nítorí pé ó máa ń tó nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú kí ìròyìn pé ikùn ti yó tó dé ọpọlọ dáadáa. Oúnjẹ tí kò gba jíjẹ lẹ́nu ti kọjá lọ́fun kí ara tó mọ̀ pé ó dé. Ẹ máa gbé ṣíbí kalẹ̀ láàárín òkèlè, kí ẹ sì gbé fóònù sí yàrá mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á ti ka ìwé wọn tán, wọ́n á ti rí àṣìṣe mẹ́wàá, wọ́n á sì fẹ́ tún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe láti ọjọ́ Ajé. Tí yóò bá fi di ọjọ́ Ẹtì, ebi ti sọ wọ́n di oníbìínú, gbogbo rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń rò tọ̀sán-tòru; àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìtàn, ọ̀rọ̀ kékeré sì ń bí wọn nínú. Nígbà tí wọ́n padà sí oúnjẹ wọn, àwọn mìíràn jẹ àjẹrankùn tí wọn kò sì yó. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ó bá rí ìyàn.

Nítorí náà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yín, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dúró lé e lórí. Kí ó jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí. "N óò máa jẹun dáadáa" kò já mọ́ nǹkan kan. "N óò fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ kan kún oúnjẹ ọ̀sán mi" ṣeé ṣe, a sì lè mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ohun àkọ́kọ́ jẹ́ àfikún ju kí ó jẹ́ àyọkúrò lọ, nítorí pé ohun tí a fi kún abọ́ sábà máa ń ti ohun mìíràn jáde láìsí ìjà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí òde kan bá sì já lù yín láàárín, tí ẹ jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má ṣe fi ebi jẹ ara yín níyà lọ́jọ́ kejì. Ẹ kàn jẹ oúnjẹ tó kàn bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fọn kò gbọdọ̀ retí ju ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Omi tí ń wọlé tí ń jáde lára lè yí ìwọ̀n náà padà láàárín ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá sì ń gùn ún lójoojúmọ́ yóò kàn máa da ara rẹ̀ láàmú.

Oorun, ẹsẹ̀ àti ọkàn

Mo máa ń bèèrè oorun lọ́wọ́ ènìyàn kí n tó bèèrè ẹran. Bí àgbàlagbà kò bá sùn tó wákàtí méje, họ́mónù tí ń pe ebi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ghrelin, lè pọ̀ sí i, kí leptin tí ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó sì dín kù. Ohun dídùn àti ohun ọlọ́ràá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì máa wá kiri lọ́jọ́ kejì. Bí ìwé yín bá fi hàn pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ni jíjẹ-mímu yín ń pọ̀, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ ná.

Ní ti eré ìdárayá, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni ó kéré jù fún àgbàlagbà, èyí tí a lè pín sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ìrìn tí ń jẹ́ kí ènìyàn mí gúlegúle díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ti tó. Ẹ fi ìmárale tí ń fún iṣan lágbára kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣan yóò lo díẹ̀ nínú ṣúgà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ sì tún wo ìlà tí ẹ kọ sínú ìwé nípa ebi. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ọkàn yín kò balẹ̀ ni ẹ máa ń jẹ ohun tí ebi kò pè, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pe ẹnì kan, tàbí kí ẹ jáde síta. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ẹ bù ú sínú abọ́, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní ìdúró láti inú páálí.

Oògùn fítámì àti àwọn tí kò gbọdọ̀ dá a ṣe

Láti ìgbà tí James Lind, dókítà nínú ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù wo àwọn atukọ̀ tí eyín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ sàn ní ọdún 1747, ni ó ti hàn pé èròjà kékeré inú oúnjẹ lè gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ẹni tí kò ṣaláìní èròjà náà kì í sábà jèrè ohunkóhun nínú àfikún rẹ̀. Àwọn aboyún nílò folic acid, tí òun náà jẹ́ irú fítámì B kan, ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá sì nílò fítámì B12. Fún àwọn tó kù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ó ṣáájú, nítorí pé fítámì A tó pọ̀ jù lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá.

Bí ẹ bá ń lo ínsúlínì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ẹ má ṣe dín oúnjẹ kù láìsọ fún dókítà yín, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí ènìyàn yóò dákú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè má lè tẹ̀ lé ohun tí mo sọ nípa èso, ẹ̀wà àti ẹran. Ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi ẹ̀fọ́ ewéko kún oúnjẹ rẹ̀ tàbí kí ó dín in kù, torí fítámì K inú wọn. Aboyún, ọmọdé tí ń dàgbà, ẹni tí ìjẹun ti di ìjà fún rí àti ẹni tí ń rù láìmọ ìdí rẹ̀ ní láti lọ rí onímọ̀ lójúkojú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún fi ọjọ́ mẹ́ta kọ̀wé, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Obìnrin onítíì yẹn gbé tirẹ̀ wá fún mi: ife mẹ́rin náà ṣì ni, àmọ́ ṣíbí kọ̀ọ̀kan ni ó kù nínú wọn. Kò tíì dúró kí n sọ̀rọ̀ tí ó fi ṣí ojú ewé kejì, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó kọ àjẹkù àwọn ọmọ sí, ó ní èyí ni kí a jọ wò báyìí.